Ẹ bi àwọn ará Ìdèré bóyá yunifásítì wúlò

Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, tí wọn ò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí oṣù kẹwàá fi dé, gbogbo wa la gbọ́ ariwo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo. Àwọn òbí tó ti san owó ilé sílẹ̀ fún ọmọ pariwo, àwọn màmá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, àwọn láńlọ́ọ̀dù tí yàrá wọn ṣófo, gbogbo wọn ló ké, ó sì tọ́ kí wọ́n ké torí oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà ni pé nínú gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn, mi ò gbọ́ kí àgbẹ̀ kan, tàbí ìyálọ́jà kan, tàbí nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, jáde wá sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àwọn iléèwé yìí o, torí ìmọ̀ tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń fún wa ti dáwọ́ dúró, iṣẹ́ wa ò sì lè lọ mọ́.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, kíá wọ́n á ti ní ṣé ẹ rí i, yunifásítì ò wúlò, owó ìlú ni wọ́n kàn ń ná. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdílé ìyá mi wá láti Ìdèré ní Ìbàràpá, ohun tí ìmọ̀ yunifásítì ṣe níbẹ̀ sì kọjá ohun tí mo kà nínú ìwé, ara àwọn èèyàn mi ni mo ti rí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ṣòro ni pé àǹfààní tó bá ti wọlé tán, tó ti di bí ayé ṣe rí, ẹnikẹ́ni kì í rántí mọ́ pé àwọn kan ló ṣiṣẹ́ ẹ̀. Báwo la ṣe wá fẹ́ wọn irú àǹfààní yẹn, ta ló sì yẹ ká bi? Ohun tó ń yí mi lọ́kàn po nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti 1963. Ọdún yẹn ni Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò ìlera kan lọ sí Ìbàràpá, Rockefeller Foundation ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. UCH ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn o, 1957 ni wọ́n ṣí i, ilé ìwòsàn ńlá tí gbogbo ìlú ń wò. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kan níbẹ̀ rí i pé ọmọ tó bá jẹ́ inú UCH nìkan ló ti kọ́ṣẹ́ dókítà, àìsàn tó ti le tán ló máa mọ̀, kò ní mọ ibi tó ti ń bọ̀. Wọ́n wá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa lọ gbé Igbó-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n sùn síbẹ̀, kí wọ́n wọ inú agboolé, kí wọ́n wo omi tí àwọn èèyàn ń mu àti ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n. Tí ẹ bá pàdé dókítà tó jáde ní Ìbàdàn, ẹ dárúkọ Igbó-Ọrà fún un, ẹ wo bí ojú ẹ̀ ṣe máa tàn, á máa sọ ìtàn fún yín ni.

Igbó-Ọrà yìí náà ni ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n níta, nǹkan bí ìbejì 45 nínú ìbímọ 1,000, èyí tó ga gan-an tá a bá fi wé ilẹ̀ Yúróòpù. Ìyẹn dára, ó ń mú àlejò wá. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Sòbìà ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ sòbìà rí. Aràn ni, kò nípọn rárá, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó mítà kan, abẹ́ awọ ni ó ń rìn. Èèyàn á mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí kòkòrò tíńtìntín kan wà nínú ẹ̀, kòkòrò tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, inú kòkòrò yẹn sì ni ọmọ sòbìà wà. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Á máa jẹ, á máa mu, á máa lọ sóko, bí nǹkan bí ọdún kan á fi kọjá, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á wú, á máa jó o bí iná, ojú ẹ̀ á là, orí aràn á sì yọ síta. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí dòní olónìí kò sí. Wọ́n á máa ká a mọ́ igi tín-ínrín díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tó bá lọ já sínú, egbò náà á tún kẹ̀ sí i. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń jó báyìí, ó dájú pé á fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi kó lè tù ú, omi yẹn náà ni gbogbo ìlú ń pọn, ibẹ̀ ni aràn á ti tú àwọn ọmọ ẹ̀ sílẹ̀, ó di ti ẹlòmíì lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyá ìyá mi ní àpá sòbìà lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ìrora kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ, oko ni. Wọ́n á ní ọdún tí sòbìà bá dá bàbá àti ìyá jókòó pọ̀ nínú ilé kan, ilẹ̀ á wà láìro, ebi ọdún tó ń bọ̀ ti dé nìyẹn, àwọn ọmọ ló sì máa pa iléèwé tì lọ sóko. Èmi kékeré, mo rò pé ìtàn àtijọ́ bíi ti ogun ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni.

Láwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Kale ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkọsílẹ̀ sòbìà ní agbègbè Ìbàdàn: àwọn wo ló ń mú, ìgbà wo nínú ọdún, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ẹni tó mú tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera ní Yunifásítì náà, William Brieger, Jayashree Ramakrishna àti Joshua Adeniyi, wá gbájú mọ́ Ìdèré. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni mo ṣe ń fi gbogbo ẹnu sọ pé yunifásítì wúlò, torí wọn ò kọ́kọ́ dé kí wọ́n máa pàṣẹ pé ẹ sẹ́ omi, ẹ sẹ́ omi. Wọ́n jókòó, wọ́n bi àwọn èèyàn pé kí lẹ rò pé sòbìà jẹ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ọ̀pọ̀ gbà pé inú ara gbogbo èèyàn ni sòbìà ń gbé látilẹ̀, bí iṣan ṣe wà nínú ara, tó bá wù ú ló máa jáde, àwọn kan sì rò pé ọwọ́ Ṣànpọ̀nná wà níbẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó gbà pé nǹkan ti wà nínú ara òun kí òun tó dáyé, tí dókítà wá sọ fún un pé kó máa fi aṣọ sẹ́ omi, ṣé kò ní bi dókítà pé kí ló kan omi níbẹ̀? Ìbéèrè ẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Láàárín ìgbà tí èèyàn mu omi àti ìgbà tí aràn yọ, odindi ọdún kan ló wà níbẹ̀, ta ló fẹ́ rántí omi tó mu lésìí? Àwọn olùwádìí yẹn ò pe èyí ní òmùgọ̀. Wọ́n rí i pé tí àlàyé ò bá gba ọ̀nà ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí yìí, kò sí ibi tó máa dé. Wọ́n wá kọ́ àwọn èèyàn abúlé fúnra wọn ní iṣẹ́ ìlera, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, aládùúgbò á gbọ́. Wọ́n wá aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ihò ẹ̀ kéré débi pé kòkòrò yẹn ò lè kọjá, àwọn télọ̀ ìlú ló ń rán an ní asẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ló ń tà á. Wọ́n tún padà lọ wo àwọn tó rà á, bóyá wọ́n ń lò ó, àti àwọn tí ò rà á, kí ló dé tí wọn ò rà. Láwọn abúlé kan, àwọn ará ibẹ̀ gbẹ́ kànga. Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan níbẹ̀. Ìmọ̀ ni, àti sùúrù, àti aṣọ.

Nígbà tí wọ́n wá ka sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní 1988, iye tí wọ́n rí ju 650,000 lọ. Ẹni tí ó ní i kẹ́yìn ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, ní ìpínlẹ̀ Ẹnúgù ni, oṣù kọkànlá 2008. Oṣù kejìlá 2013 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ní gbogbo ayé, àwọn tí wọ́n gbà pé ó ń mú lọ́dún kan ní 1986 tó mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Ní 2024, èèyàn 15 péré ni.

Ó wá kù díẹ̀ kí n máa fi gbogbo ìyìn fún Yunifásítì Ìbàdàn, ìyẹn ò sì ní jẹ́ òótọ́. Carter Center wà níbẹ̀, UNICEF wà níbẹ̀, Ọ̀gágun Gowon rin abúlé lóríṣiríṣi nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìjọba gbẹ́ bọ́ọ̀hólù, àwọn òṣìṣẹ́ abúlé tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn ló fẹsẹ̀ rìn ín láti ilé dé ilé. Kò sí ẹni tó lè gé e sí wẹ́wẹ́ pé èyí tí yunifásítì ṣe jẹ́ ìdá mẹ́wàá tàbí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí àwọn tó fẹ́ díwọ̀n gbogbo nǹkan ti máa ń bínú nìyẹn, wọ́n fẹ́ nọ́ńbà kan pàtó. Lójú tèmi, nọ́ńbà yẹn ò sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà. Nígbà tí mo lọ sí Ìdèré fún ìsìnkú kan, mo bi àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta pé kí ni sòbìà, wọ́n ń wò mí ni, ọ̀kan bi mí pé ṣé oúnjẹ ni. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọmọ Ìdèré tí ò mọ sòbìà! Kí ni ẹ fẹ́ fi wọn ìyẹn?

Ẹ wá wo ohun tí a fi ń wọn olùkọ́ yunifásítì lónìí. Tó bá tó àsìkò promóṣọ̀n, pépà mélòó lo kọ, inú jọ́nà wo ló ti jáde, ṣé ti òkè òkun ni, ṣé orúkọ ẹ ló ṣáájú àbí ìkẹta ni. Mi ò sọ pé kí wọ́n má kọ pépà o. Ìwádìí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni ò yẹ̀ wò lè jẹ́ irọ́, irọ́ sì lè pa èèyàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìwọ̀n parí sí, ìmọ̀ á kàn máa lọ, kò ní máa bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ni ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ wa. Iṣẹ́ ẹ̀ dá lórí èéfín àti àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Ó lọ bá wọn lábẹ́ búkà wọn, ó ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan kó lè mọ bí àyà wọn ṣe lágbára tó, ó bi wọ́n léèrè ojú tó ń ṣomi, ikọ́ òru, iye wákàtí tí wọ́n ń lò nídìí iná. Wọ́n dá a lóhùn tọkàntọkàn, àwọn kan fi gàrí sílẹ̀ lórí iná kó jóná díẹ̀ nítorí ẹ̀. Kó tó lọ, ìyá àgbà kan bi í pé ọmọ mi, kí lo wá rí láyà wa? Ó ní òun ń bọ̀ wá sọ fún wọn. Pépà jáde, ó jáde dáadáa, jọ́nà gidi ni, wọ́n gbé e ga síwájú níbi iṣẹ́. Àwọn ìyá yẹn ò gbọ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá tiẹ̀ ní fóònù tó lè ṣí i, ó máa ní kí wọ́n san dọ́là kí wọ́n tó kà á, Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ sì lèyí tí èmi tí mo lọ yunifásítì tún ń kà lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Ó máa ń dun ọ̀rẹ́ mi gan-an. Ó ní nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tí òun kọ fún promóṣọ̀n, kò sí ibi kankan tí wọ́n ti bi òun pé ṣé o padà lọ. Owó ọkọ̀ àti àsìkò tó fẹ́ fi padà lọ, inú àpò ara ẹ̀ ni wọ́n ti máa jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á sì ti fi àsìkò yẹn kọ pépà míì.

Ní ìlú ọba, wọ́n gbìyànjú láti fi ìbéèrè yìí sínú ìwọ̀n. Ètò tí wọ́n ń pè ní REF ni wọ́n fi ń yẹ ìwádìí àwọn yunifásítì wò, òun ni wọ́n sì fi ń pín owó. Ní 2014, wọ́n fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún máàkì sórí ohun tí ìwádìí ṣe fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ògiri yunifásítì, nígbà tó di 2021 wọ́n sọ ọ́ di ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyẹn ni pé dandan ni kí yunifásítì kọ ìtàn ẹ̀ sílẹ̀ pé ìwádìí báyìí la ṣe, ẹni báyìí ló jàǹfààní ẹ̀, ẹ̀rí rèé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ni níbẹ̀ ní ó ní ìṣòro tiẹ̀, pé àwọn yunifásítì olówó gba òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ ìtàn yẹn kó dùn, àti pé ìwádìí tí èèyàn lè tọ́ka sí ò gbọdọ̀ ju bí ogún ọdún lọ sẹ́yìn. Mo gbọ́ ìyẹn, mo ní ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí wọ́n dé Igbó-Ọrà ní 1963 títí sòbìà fi tán ní Nàìjíríà ní 2008, ọdún 45 ni. Ogún ọdún ò bá ibẹ̀ pàdé. Síbẹ̀, inú mi dùn pé wọ́n tiẹ̀ béèrè. Níbi tí wọn ò ti béèrè, kò sí ẹni tó máa dáhùn.

Àwọn ìmọ̀ kan wà tó sì jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa wúlò, ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìlú sì máa fi yè. Oṣù keje 2014 tí Ebola fi ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó, láàbù Ọ̀jọ̀gbọ́n Sunday Omilabu ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó ló kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní Yunifásítì Redeemer's sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Èèyàn 20 ló mú, èèyàn 8 ló kú, nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá WHO ní ó ti tán ní Nàìjíríà. Nínú Èkó! Ìlú tí èèyàn pọ̀ báyẹn! Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, àwọn Happi yìí kan náà, láàbù wọn ní Ẹdẹ, ló tú àbùdá kòkòrò kòrónà tí wọ́n rí lára ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà palẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ẹni tó bá lọ yẹ irú láàbù bẹ́ẹ̀ wò ní 2012, kí ni ì bá rí? Firísà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń fi owó ṣòfò.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù lọ ni ti Modákẹ́kẹ́, torí níbẹ̀, yunifásítì ṣe tiẹ̀, àwa la ò gbà á.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Bàbátúndé Fáfúnwá ló ṣáájú ẹ̀, Ford Foundation fún wọn lówó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo nǹkan, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ, ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí sọ́bújẹ́ẹ̀tì, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yòókù ṣe bí gbogbo iléèwé ṣe ń ṣe, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ìwé kíkà tuntun, wọ́n kọ́ àwọn tíṣà, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà láti ọdún dé ọdún. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, nínú ìṣirò, nínú sáyẹ́ǹsì, nínú Yorùbá, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé ìwádìí náà jáde ní 1989, lọ́dún 1990 Fáfúnwá gan-an di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ó wà níbẹ̀ títí di 1992.

Kí la wá fi ṣe? Oṣù kọkànlá 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Oṣù kọkànlá 2025, mínísítà Tunji Alausa kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àádọ́ta ọdún ó lé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ ti jókòó sí kíláàsì, ibẹ̀ la wà. Ó bí mi nínú, mi ò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè di gbogbo ẹ̀ ru ìjọba, torí èmi náà ń lọ ìpàdé àwọn òbí ní iléèwé ọmọ mi, mo sì mọ ohun tí à ń bẹ̀rù. WAEC wà níwájú, JAMB wà níwájú, òbí tó ń san owó iléèwé tí kò rọrùn fẹ́ gbọ́ kí ọmọ ẹ̀ máa fọ Gẹ̀ẹ́sì kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ fún wọn níbẹ̀, tíṣà méjì ló gbọ́ ọ rí nínú gbogbo wa, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwọn òbí yòókù, kò sí ẹnì kan. Bàbá kan ní ṣé òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì wọn tún dára jù? Mo ní òótọ́ ni. Ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa?

Mo ronú lórí ìbéèrè bàbá yẹn títí. Tí ẹ bá fi í wé ti Ìdèré, ẹ máa rí i. Ní Ìdèré, wọ́n bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́, wọ́n rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí, wọ́n sì gba ibẹ̀ kọjá. Ìbẹ̀rù àwọn òbí nípa Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ọ̀rọ̀ dí sí ní Modákẹ́kẹ́ nìyẹn, àbájáde ìwádìí fúnra ẹ̀ sì ní ìdáhùn sí i nínú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n gbé ìdáhùn náà lọ, ìjọba sì máa ń yí padà. Ta ni wọ́n rán sí àwọn òbí? Ta ló máa ń wà ní ìpàdé ìyá àti bàbá lọ́dọọdún láti sọ ọ́, bí àwọn tó ń ta asẹ́ ṣe ń lọ láti ilé dé ilé?

Tí wọ́n bá wá ní kí èmi díwọ̀n yunifásítì kan, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lórí iye pépà, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí ipò tí íntánẹ́ẹ̀tì fi wọ́n sí láàárín àwọn yunifásítì ayé. Màá gba orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ti lọ ṣe ìwádìí láàárín ọgbọ̀n ọdún, màá lọ síbẹ̀, màá bi wọ́n pé àwọn kan wá bi yín ní ìbéèrè nígbà kan, àwọn kan gba ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n wọn oko yín, ṣé wọ́n padà wá? Kí ni wọ́n sọ? Kí lẹ sọ fún wọn? Kí ló yí padà? Tí kò bá sì yí padà, ọ̀dọ̀ ta ló dúró sí? Ibi tí wọ́n bá ti sọ pé wọ́n padà wá, tí wọ́n rántí ohun tí wọ́n sọ, màá fún yunifásítì yẹn ní máàkì kódà kí àìsàn náà ṣì wà. Màá sì fẹ́ kí gbogbo pírójẹ́ẹ̀tì tó bá gba ìdáhùn lẹ́nu àwọn ará ìlú ní ojú ewé kan tí wọ́n fi èdè ìlú náà kọ, tí wọ́n kà sétígbọ̀ọ́ wọn ní gbangba, kó sì ní máàkì nínú promóṣọ̀n, máàkì gidi. Wọ́n á ní owó dà. Owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ ni, àti ọjọ́ kan.

Ọ̀rẹ́ mi ti padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí. Ìyá àgbà tó bi í ní ìbéèrè ọjọ́sí ṣì wà, ìdí iná náà ló bá a. Ó kọ ojú ewé kan lédè Yorùbá, èmi náà bá a tún un ṣe, ó kà á fún wọn: èéfín ń ṣe àyà yín báyìí, ó dára kí ẹ gbé ìdí iná síbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n gbọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè tí kò sí nínú pépà ẹ̀ rárá. Wọ́n ní ẹni tó ni ilẹ̀ ò ní jẹ́ kí àwọn wó ògiri. Wọ́n ní tí àwọn bá gbé iná síta, òjò ńkọ́? Ọ̀kan wá ní lásìkò ọyẹ́, apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ máa ń yàtọ̀, àwọn ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá jókòó sápá kan kì í húkọ́ tó ẹni tó wà lápá kejì, ṣé ìyẹn náà wà nínú ohun tó wọ̀n? Kò wà níbẹ̀. Ó sọ fún wọn pé kò wà níbẹ̀. Ó ti ń kọ̀wé béèrè owó báyìí láti lọ wọ̀n ọ́n ní oṣù kejìlá tí ọyẹ́ bá dé, obìnrin tó béèrè yẹn ló sì máa bá a yan ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ sí.